Ẹnu irin fún gbígba oje igi mépù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹrin, àwọn èèyàn Vermont, New York, Maine, Michigan àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àti ti Quebec àti Ontario ní Kánádà, máa ń lu ihò sára igi mépù kí wọ́n lè gba oje rẹ̀, kí wọ́n sì sè é di síróòpù. Páìpù kúkúrú kan ni wọ́n ń kàn bọ inú ihò náà kí oje lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú garawa. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè é ní spile tàbí spout. Ẹnu irin la óò máa pè é níbí. Nǹkan kékeré ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àti igi ìdáná. Àmọ́ òun ló ń pinnu bí ọgbẹ́ ara igi ṣe máa tóbi tó, nítorí náà ti igi la kọ́kọ́ ń rò nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí.

Ìwọ̀n méjì ni mo rí lọ́jà, ínṣì 7/16 àti ínṣì 5/16. Èwo ni kí n rà?

Ẹ ra 5/16. Nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n ihò tí ẹ máa lu: 7/16 tó mìlímítà 11, 5/16 tó mìlímítà 8. Téèyàn bá fojú lásán wò wọ́n, á rò pé ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹnu ihò 7/16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 5/16. 7/16 ni àwọn àgbà fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì kún inú àwọn ẹrù àtijọ́ tí wọ́n ń tà.

Ọgbẹ́ ara igi kì í jinná bíi tèèyàn. Igi kì í tún ibi tó ti gbọgbẹ́ ṣe. Ńṣe ló máa ń sé ibẹ̀ mọ́, tí á wá hu igi tuntun bò ó lórí. Ibi tó sé mọ́ yẹn á pàwọ̀ dà, á rí bí èlùbọ́, á sì gùn kọjá ihò náà lókè àti nísàlẹ̀. Oje kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láé. Bí ihò bá ṣe fẹ̀ sí i ni ibi òkú yìí máa ń fẹ̀ sí i. Lára igi tó lókun, ẹnu ihò 5/16 sábà máa ń pa dé láàárín ọdún kan sí méjì. Ti 7/16 máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi garawa gba oje kò sì ní pàdánù nǹkan gidi tó bá lo èyí tó kéré, torí pé inú igi ni agbára tó ń ti oje jáde ti ń wá.

Ẹni tó bá jogún àpótí 7/16 kan lè máa lò ó lára àwọn igi ńlá tí ara wọn le. Kó má gbé e dé ìdí igi tí kò tíì dàgbà tán.

Irin wo ló dára jù?

Alumíníọ̀mù ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n máa ń yọ́ ọ ni, wọ́n á dà á sínú àpẹrẹ, ìkọ́ tí garawa máa rọ̀ sí sì sábà máa ń bá a jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, kì í dípẹtà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń ṣẹ́: bí òòlù bá ba ìkọ́ rẹ̀ dípò kó ba orí rẹ̀, ó lè dá kán lójijì. Kò sì fẹ́ràn bílíìṣì rárá. Tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á jẹ ihò wínníwínní, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí á sì máa sá pamọ́ sí.

Stainless, irin tí kì í dípẹtà, wọ́n ju alumíníọ̀mù lọ, àmọ́ ó le, inú rẹ̀ ń dán, ẹ sì lè sè é lọ́dọọdún láìyí padà. Ẹni tó ní igi mẹ́wàá sí ogún, tó sì fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀kan kó má rà á mọ́, stainless 5/16 ni ká ní kó rà.

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ń bẹ níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Bí síǹkì náà bá ti bó, tí ẹ rí pupa ìpẹtà, ẹ fi í sílẹ̀, torí ìpẹtà yẹn á bá oje lọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn. Oje igi àti òjé, irin rírọ̀ tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohùn ló yà wọ́n lẹ́nu wa, wọn ò sì gbọ́dọ̀ pàdé nínú garawa. Òjé wà lójú ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pọ̀ garawa àtijọ́ pọ̀, ó wà nínú ohun tí wọ́n fi bo òmíràn, ó sì lè wà nínú idẹ. Sísè ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀: bíi lítà 40 oje ni ẹ máa sè kó tó di lítà síróòpù kan, omi nìkan ló sì ń bá ooru lọ. Òjé tó wọnú lítà 40 yẹn, inú lítà kan náà ló máa kó jọ sí. Ẹnu irin tàbí garawa tí ẹ kò bá mọ irin tí wọ́n fi ṣe é, ẹ má gba oje sínú rẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ṣé ti ike kò sàn jù?

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àwọn oko ńlá tó fi páìpù ike tín-ín-rín so ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi pọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa oje, ti ike ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún kí kòkòrò àìfojúrí ọdún tó kọjá má bàa wọ ihò tuntun. Ẹni tó fẹ́ so garawa rọ̀ mọ́ igi nílò ohun tó lè gbé ẹrù. Garawa lítà 15 tó bá kún ju kílò 15 lọ, gbogbo ẹrù yẹn sì wà lórí páìpù tí kò tó ìka ọwọ́.

Kí ni kí n wò lára ẹnu irin kan kí n tó sanwó?

Ẹ mú un dání, kí ẹ yí i lójú ìmọ́lẹ̀. Bí èèkàn ló yẹ kí apá tó ń wọ inú igi rí: kó tín-ín-rín níwájú, kó máa sanra díẹ̀díẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tó sanra yẹn ló ń fún mọ́ etí ihò tí oje kò fi ní jò. Èyí tó sanra bákan náà látòkè délẹ̀ kò ní fún mọ́ ibì kankan dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orí rẹ̀. Ó yẹ kí ibì kan tẹ́jú níbẹ̀ tí òòlù máa bà. Bó bá jẹ́ pé ìkọ́ tàbí ètè rẹ̀ nìkan ni òòlù lè bà, ẹ máa ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan.

Ètè ibi tí oje ti ń kán gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó sì yọ síta. Ẹ bu omi díẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá níwájú ọlọ́jà. Bí omi bá ń já bọ́ tó-tó-tó láti ètè, ó dára. Bó bá yí padà tó ń rá gba abẹ́ páìpù lọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni oje á ṣe máa ṣàn lọ sára èèpo igi dípò inú garawa.

Ẹ wá ki ìka tàbí igi tín-ín-rín bọ inú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n yọ́ dà máa ń ní egé irin tó ṣẹ́ kù níbi tí àpẹrẹ méjèèjì ti pàdé. Fáìlì kékeré á gé e kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni èérún igi á ti kọ́kọ́ há.

Àwọn kan wà tí òkè wọn ṣí bí ọ̀pá àgbàrá. Wọ́n rọrùn láti fọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ oje dànù lára wọn, òjò sì ń wọ̀ ọ́. Èyí tó dé yípo là ń lò.

Ṣé èyí tó ní ìkọ́ lára ni àbí èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ń yọ?

Èyí tó ní ìkọ́ lára kì í sọnù sínú yìnyín, ìyẹn ò sì kéré. Ti ìkọ́ yíyọ rọrùn láti kàn, torí pé ẹ máa fi ìkọ́ sí i lẹ́yìn tí òòlù bá ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ka kẹta kò ní ìkọ́ rárá: ihò etí garawa ni wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu irin fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ gbé garawa tí ẹ ní lọ bá a kí ẹ tó ra púpọ̀, kí ẹ rí i pé ètè ẹnu irin yọ kọjá etí garawa, kí ìdérí sì lè dé e. Láìsí ìdérí, omi òjò àti yìnyín lẹ máa fi igi ìdáná ṣòfò lé lórí.

Bíìtì dírìlì wo ló bá a mu?

Ínṣì 5/16 fún ẹnu irin 5/16, 7/16 fún 7/16. Kò sí àdàlù. Ẹnu 7/16 tí wọ́n bá fi agbára kàn bọ ihò 5/16 á la igi; ẹnu 5/16 nínú ihò 7/16 á jábọ́ tòun ti garawa. Bí bíìtì mìlímítà 8 lẹ ní, ó lè ṣe 5/16, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ó gbọ́dọ̀ mú, kó sì mọ́. Bíìtì tó ti kú ń họ inú ihò ni, kì í gé e, ara ihò tó rí ṣákaṣàka kì í sì mú ẹnu irin dáadáa.

Igi wo ni, ẹnu irin mélòó sì ni igi kan lè gbà?

Mépù oníṣúgà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Acer saccharum, ló ga jù: oje rẹ̀ sábà máa ń ní ṣúgà bí ìdá 2 nínú 100. Mépù dúdú sún mọ́ ọn. Mépù pupa àti mépù fàdákà náà ń mú oje wá, àmọ́ ṣúgà wọn kéré sí i, wọ́n sì tètè ń rúwé, àsìkò wọn á sì tètè parí.

Ẹ fi téèpù yí igi náà po níbi tó ga tó mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀. Bí àyíká rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 94, ẹ fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Láti 94 lọ, ẹnu kan. Tó bá tó 141, ẹ lè fi méjì sí i. A kò ní gbà yín nímọ̀ràn mẹ́ta, bó ti wù kí igi náà tóbi tó. Igi tí orí rẹ̀ ti ń gbẹ, tàbí tí kòkòrò jẹ ewé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ní ti ohun tí ẹ máa rí: ẹnu kan pẹ̀lú garawa lè mú bíi lítà 40 oje wá ní àsìkò tó dáa, ìyẹn nǹkan bíi lítà síróòpù kan. Bí ẹ bá ní ohun tí ń wọn ṣúgà, ẹ fi iye ìdá ṣúgà pín 86, iye ìwọ̀n oje tí ẹ nílò fún ìwọ̀n síróòpù kan ló máa fún yín. Ìdá 2 á fún yín ní 43.

Báwo ni mo ṣe máa kàn án?

Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn ti yọ́ igi, tí ooru rẹ̀ ti kọjá òdo. Igi tó dì gbagidi máa ń là tí wọ́n bá kan nǹkan bọ̀ ọ́. Ẹ wá ibi tí ara igi ti mọ́, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120 sílẹ̀, lókè gbòǹgbò ńlá tàbí lábẹ́ ẹ̀ka ńlá. Ẹ wá àpá ihò àtijọ́. Ẹ jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti 30 lókè tàbí nísàlẹ̀, torí ibi òkú tó wà nínú, ojú kò rí i láti ìta. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ìhà gúúsù igi torí pé ó tètè ń ṣàn. Bí ẹ bá ń lu ibẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ máa sọ ìhà kan igi náà di òkú. Ẹ máa yí i po.

Ẹ lẹ téèpù mọ́ bíìtì níbi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, kí ẹ má bàa lu ihò tó jìn jù. Ẹ lu ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tààrà, kí bíìtì kọjú sókè díẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kí oje lè máa ṣàn jáde. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Ẹ wo èérún tó ń jáde: tó bá funfun bí ògì, inú igi tó yè lẹ wà. Tó bá rí bí èlùbọ́, ibi òkú ni. Oje tó máa wá kò ní tó nǹkan. Ẹ fi bíìtì náà fa èérún jáde bó ṣe ń yí. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ihò náà, torí itọ́ èèyàn kún fún kòkòrò tó máa mú kí ihò tètè dí.

Ẹ wá fi ọwọ́ ti ẹnu irin wọlé títí tó fi dúró, kí ẹ sì mú òòlù kékeré. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa dún kán-ún, kán-ún. Tí ohùn náà bá yí padà sí gbì, ó ti fún. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ẹ má fi ẹyọ kan kún un. Ibi tín-ín-rín iwájú ẹnu irin kò gbọ́dọ̀ kan ògiri ihò lẹ́yìn. Àyè tó kù sẹ́yìn ni oje ń kó jọ sí.

Oje ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu irin. Kí ló fà á?

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láti ihò, igi ti là: òòlù ló pọ̀ jù tàbí igi ṣì dì nígbà tí ẹ kàn án. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù, àkísà tàbí ohunkóhun dí i. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí àsìkò á fi parí, kí ẹ rọra kàn án lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ìlà, ẹ wo ihò náà bóyá ó gùn bí ẹyin. Ọwọ́ tó gbọ̀n nídìí dírìlì ló ṣe é. Ẹ̀kẹta kò le: omi inú ihò dì lóru, ó sì ti ẹnu irin síta díẹ̀. Ẹ dúró kó yọ́, kí ẹ fi òòlù kàn án wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo kàn án lánàá, oje kankan kò wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Mépù nílò òru tó dì àti ọ̀sán tó yọ́, bíi Celsius 4 nísàlẹ̀ òdo lóru àti 4 lókè òdo lọ́sàn-án. Nígbà tó bá dì, igi á fa omi mọ́ra láti ilẹ̀. Nígbà tó bá yọ́, inú igi á fún, á sì ti oje jáde níbi tó bá ti rí ihò. Ọjọ́ mẹ́ta tí kò yọ́ rárá, tàbí òru mẹ́ta tí kò dì, oje kò ní wá, ẹnu irin kò sì ṣẹ̀. Ẹ lè bá yìnyín nínú páìpù láàárọ̀, torí irin tètè ń tutù. Ẹ má lù ú, oòrùn á yọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣàn tí èyí kò ṣàn, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bi ara yín bóyá èérún rẹ̀ pọ́n, tàbí bóyá ẹnu irin ti kan ògiri ẹ̀yìn.

Ó ṣàn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó wá dá. Ṣé kí n tún ihò náà gbẹ́?

Rárá. Ìmọ̀ adẹ́mu lè ṣì wá lọ́nà níbí. Adẹ́mu máa ń bẹ́ ojú ọgbẹ́ ọ̀pẹ lójoojúmọ́ kí ẹmu lè máa kán, èèyàn á sì fẹ́ ṣe bákan náà fún mépù. Àmọ́ ara igi yìí lẹ máa bẹ́, ìgbà tí ẹ bá sì fi bíìtì kàn án ni ibi òkú inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Kòkòrò àìfojúrí àti igi fúnra rẹ̀ ló ti dí ojú ihò náà, ọdún yìí ti parí fún un. Nígbà kan, wọ́n máa ń ju oògùn paraformaldehyde sínú ihò kó má bàa dí. Ó ń pa igi lára, wọ́n sì ti fòfin dè é ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹni tó bá rí páálí rẹ̀ nínú ẹrù àtijọ́ kó má lò ó.

Báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?

Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì tó lè wọ inú páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sá a kó gbẹ kanlẹ̀ kí ẹ tó kó o pamọ́. Ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò dára, torí síróòpù á gbé òórùn náà.

Mo ń gbé ní Ìlú Ọba, kò sí mépù oníṣúgà lágbègbè mi.

Ẹ lè lo ẹnu irin 5/16 kan náà lára igi birch, tí oje rẹ̀ máa ń wá ní oṣù Kẹta. Láti gbòǹgbò ni agbára tó ń tì í ti ń wá, kò nílò òru tó dì. Ṣúgà rẹ̀ kò ju bí ìdá 1 nínú 100 lọ, ó lè gba lítà 100 kó tó di lítà kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu ún ní tútù.

Ìgbà wo ni kí n yọ ọ́, kí ni kí n sì fi dí ihò?

Tí ọmú ewé bá ti ń wú lórí ẹ̀ka, tàbí tí oje bá ti ń pọ́n tó ń rùn, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnu irin tó bá pẹ́ nínú ihò kì í jẹ́ kó pa dé. Ẹ fi pílíásì mú un lórí, kí ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ fà á tààrà. Bí ẹ bá máa lo ẹ̀yìn òòlù tí wọ́n fi ń fa ìṣó, ẹ fi pákó kékeré sáàárín òòlù àti igi kí èèpo má bàa fọ́. Ẹ má gbá a lókè gbá a nísàlẹ̀. Bí etí ihò ṣe ń ya nìyẹn.

Ẹ má fi nǹkan kan dí ihò. Kó máa ṣàn díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kò burú. Ẹ ya àwòrán igi náà sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìhà tí ẹ lu àti gíga rẹ̀ síbẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta èèpo á ti bo àpá náà, ibi òkú náà á sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.